Igi Wo Ni Oyin Inú Ìgò Yìí Ti Wá?

Lẹ́tà márùn-ún ló tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Abẹ́òkúta àti àwọn ìletò tó yí i ká láàárín oṣù méjì, gbogbo wọn ló sì dá lórí oyin. Nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń bi wá láti ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a fi gbogbo àyè wa ti oṣù yìí sílẹ̀ fún wọn. A gé díẹ̀ kúrò nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, a kò sì tẹ orúkọ ẹnikẹ́ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Oyin ni mò ń tà ní ọjà Kútọ̀, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án. Ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ apá Ọdẹ́dá ni mo ti ń rà á, mo ń sẹ́ ẹ, mo sì ń rọ ọ́ sínú ìgò. Láìpẹ́ yìí ni oníbàárà kan láti Èkó sọ pé òun yóò máa ra ogójì ìgò lóṣooṣù bí mo bá lè kọ orúkọ igi tí oyin náà ti wá sí ara ìgò. Ẹni tí mo ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní oyin kajú ni, nítorí pé oko kajú ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí oyin rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ní kì í ṣe ohun tí à ń fẹnu sọ, pé wọ́n máa ń fi máíkírósíkóòpù wo lẹ́búlẹ́bú òdòdó inú oyin kí wọ́n tó mọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? — *Ìyá Olóyin, Kútọ̀*

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ajé á wọ igbá. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ, iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1895 ni onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Pfister, ní ilẹ̀ Switzerland, ti fi hàn pé ènìyàn lè mọ ibi tí oyin ti wá bí ó bá fara balẹ̀ wo àwọn hóró lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀. Nílé wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Margaret Adébísí Ṣówùnmí ti Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àkọsílẹ̀ ìrísí lẹ́búlẹ́bú àwọn igi àti ewéko Nàìjíríà, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní ọdún 1976 lórí bí lẹ́búlẹ́bú inú oyin ṣe lè ran àwọn tí ń wádìí igbó ayé àtijọ́ àti àwọn awalẹ̀pìtàn lọ́wọ́. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ tí ẹ ń béèrè yìí ti ní gbòǹgbò ní ilẹ̀ Yorùbá kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ra oyin lọ́wọ́ yín tó dáyé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú òdòdó. Lẹ́búlẹ́bú tí à ń wí ni ìyẹ̀fun tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí a bá fọwọ́ kan àárín òdòdó elégédé. Òun ni èròjà akọ tí ó gbọ́dọ̀ dé ara abo kí òdòdó tó lè di èso. Nígbà tí kòkòrò oyin bá ki ẹnu bọ òdòdó láti fa omi adùn tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, irun ara rẹ̀ á kó lẹ́búlẹ́bú, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì já bọ́ sínú omi adùn náà. Yóò gbé e délé nínú àpò inú rẹ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa gbà á láti ẹnu dé ẹnu, wọn yóò fi ìyẹ́ fẹ́ ẹ títí omi ara rẹ̀ yóò fi dín kù, wọn yóò sì fi ìda bo ojú ihò rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú tí ó bá a wọlé kò lọ síbì kankan. Ó wà nínú oyin tí ẹ ń rọ sí ìgò lónìí.

Ohun tí ó mú kí ó ṣeé dá mọ̀ ni èèpo ara hóró náà. Èèpo yìí le ju ohun tí ojú lè gbà gbọ́ lọ: ó lè wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún láìjẹrà, àwọn ásíìdì tí ń jẹ aṣọ àti ẹran ara kò sì lè jẹ ẹ́ tán. Lára èèpo yìí ni igi kọ̀ọ̀kan fín àmì tirẹ̀ sí. Àwọn àgbà wa ní Ẹ̀gbá yóò tètè mọ ohun tí mò ń sọ: láyé ìgbà tí a ń kọ ilà, ẹni tí ó mọ ilà kò ní béèrè ìdílé ọmọ tí ó pàdé ní ọjà, ojú ọmọ náà yóò ti sọ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni hóró koríko ṣe máa ń rí róbótó, tí ara rẹ̀ ń dán, tí ihò kan ṣoṣo sì wà lára rẹ̀. Ti yúnyun àti ti ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, kún fún ẹ̀gún ṣóńṣó-ṣóńṣó yí ara ká. Ti ọ̀pẹ ní igun mẹ́ta, ojú lílà ẹlẹ́ka mẹ́ta sì wà láàárín rẹ̀. Ti igi igbá, èyí tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, kì í dá wà rárá: ọ̀pọ̀ hóró ló so pọ̀ di ẹyọ kan bí èso àgbáyun tí a dì mọ́ra, ẹni tí ó bá sì ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n bí ilà ojú ṣe máa ń sọ ìdílé láìsọ orúkọ ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́búlẹ́bú ṣe rí nígbà mìíràn. Yúnyun àti àwọn ẹbí rẹ̀ jọra púpọ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá jẹ́ olóòótọ́ yóò kọ ìdílé wọn nìkan sílẹ̀. Igi ìdí àti àwọn ẹbí tirẹ̀ máa ń jọ ìdílé ewéko mìíràn pátápátá, débi pé ìdílé méjèèjì ni àwọn onímọ̀ máa ń kọ pọ̀ sójú kan. Bí ẹ bá rí èsì àyẹ̀wò tí ó dárúkọ ewéko ogún láìṣiyèméjì lórí ọ̀kankan, ẹ fura sí i.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọn yóò wọn oyin gíráàmù 10, wọn yóò pò ó mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mìlílítà 20, omi tí kò gbọ́dọ̀ gbóná ju 40 lọ lórí ìwọ̀n Celsius. Wọn yóò dà á sínú túùbù gíláàsì, wọn yóò gbé e sínú ẹ̀rọ tí ń yí bírí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́búlẹ́bú yóò sì sílẹ̀ sí ìdí túùbù bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu. Wọn yóò da omi orí rẹ̀ nù, wọn yóò fi omi mìíràn ṣan ṣúgà tó kù nù, wọn yóò sì tẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà sórí gíláàsì pẹlẹbẹ. Àwọn kan máa ń fi àpòpọ̀ ásíìdì fọ̀ ọ́ kí àmì ara èèpo lè hàn kedere. Erdtman, ará Sweden, ló fi ọ̀nà yìí lélẹ̀, ìpín mẹ́sàn-án acetic anhydride sí ìpín kan ásíìdì sọ́fọ́ríìkì ni. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dán wò nínú ilé ìdáná, nítorí pé ó lè bu iná lára ẹni, ó sì lè fọ́ni lójú.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ń wò ó yóò máa gbé gíláàsì náà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù, yóò máa kà, yóò máa dá orúkọ, ó kéré tán ọgọ́rùn-ún mẹ́ta hóró, ọ̀pọ̀ sì máa ń kà dé 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí sì mọ ìtumọ̀ òwe náà ju èmi tí mò ń pa á lọ. Gbogbo hóró tí wọ́n bá rí ni wọn yóò fi wé lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ti fọwọ́ ara wọn já lára òdòdó tí wọ́n mọ̀ dájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àfiwé yìí gan-an ni iṣẹ́ náà; ẹni tí kò bá ní àkójọ lẹ́búlẹ́bú igi agbègbè wa lọ́wọ́, ì báà ní ẹ̀rọ tó dára jù láyé, kò lè sọ fún yín ohun tí oyin Ọdẹ́dá ti wá.

Nígbà tí iye bá pé, wọn yóò pín in. Ìlànà tí Louveaux, Maurizio àti Vorwohl tẹ̀ jáde ní ọdún 1970, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1978, ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé títí di òní: èyí tí ó bá ju ìdá 45 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ni olórí, èyí tí ó wà láàárín 16 sí 45 ni igbákejì, láti 3 sí 15 ni èyí tó kéré ṣùgbọ́n tó ṣe pàtàkì, èyí tí kò sì tó 3 kò ju àjẹmọ́ lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kajú yín. Pé oko kajú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí oyin kò tíì sọ ọ́ di oyin kajú. Kòkòrò oyin máa ń lọ tó kìlómítà méjì sí mẹ́ta láti wá oúnjẹ, ó sì lè jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa bí oúnjẹ bá wọ́n, nítorí náà gbogbo igbó tó wà láàárín ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ bi àgbẹ̀ yín léèrè oṣù tí ó gé afárá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kajú máa ń tanná lọ́dọ̀ wa, máńgòrò sì máa ń bá a tanná, bẹ́ẹ̀ ni ewé Akíntọ́lá ti máa ń funfun lójú igbó láti nǹkan bí oṣù kọkànlá. Bí ó bá gé e ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, ó ṣeé ṣe kí kajú pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oṣù kẹjọ ni, ẹ má ṣe kọ kajú sí i rárá.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má tíì kọ orúkọ igi kankan. Ẹ kọ “oyin igbó Ọdẹ́dá, oríṣiríṣi òdòdó” àti oṣù tí wọ́n gé e, nítorí pé òótọ́ tí ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà fún nìyẹn. Bí oníbàárà yín bá ta kú pé orúkọ igi ni òun fẹ́, ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé àyẹ̀wò ni yóò sọ ọ́, àti pé àyẹ̀wò ìgégé kan kò lè jẹ́rìí fún ìgégé mìíràn. Ohun tí ó sì máa ń ba ẹ̀rí jẹ́ jù lọ lọ́dọ̀ àwọn olùtà wa ni dída oyin àgbẹ̀ mẹ́rin pọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì kan. Ẹ ya ti ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ oṣù sí i. Ìwọ̀nba ìṣòro díẹ̀ nìyẹn jẹ́ fún yín, ṣùgbọ́n láìsí i, kò sí ilé àyẹ̀wò tí ó lè ràn yín lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo ń sin oyin ní Òsíẹ̀lẹ̀, àpótí mọ́kànlá ni mo ní. Mo mú oyin lọ fún àyẹ̀wò lẹ́búlẹ́bú, èsì tí wọ́n fún mi sì rú mi lójú. Wọ́n kọ ọ̀pẹ 62 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdílé yúnyun 16, kajú 8, koríko 6, àwọn yòókù 8. Wọ́n wá kọ sí ìsàlẹ̀ pé oyin ọ̀pẹ ni. Láti kékeré ni mo ti ń gun ọ̀pẹ, n kò rí omi adùn nínú òdòdó rẹ̀ rí. Ṣé àṣìṣe ni wọ́n ṣe ni? — *Olùsìn oyin, Òsíẹ̀lẹ̀*

ÌDÁHÙN: Inú mi dùn púpọ̀ sí lẹ́tà yìí, nítorí pé ojú yín ti rí ohun tí ìwé àyẹ̀wò náà fò. Ó ṣeé ṣe kí iye tí wọ́n kà tọ́. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò tọ́.

Kòkòrò oyin ní ẹrù méjì tí ó ń kó délé. Omi adùn ni yóò di oyin. Lẹ́búlẹ́bú, tí ó ń dì bí ìṣù kékeré sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ni oúnjẹ àwọn ọmọ inú ilé. Òdòdó akọ ọ̀pẹ jẹ́ ìṣúra lẹ́búlẹ́bú fún un, ó sì máa ń wà káàkiri ọdún ní agbègbè wa, ìdí nìyẹn tí oyin fi máa ń rọ́ lọ síbẹ̀. Koríko náà kò ní omi adùn. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kiri, kòkòrò oyin sì máa ń kó o nígbà mìíràn. Lẹ́búlẹ́bú méjèèjì yìí ń wọ inú oyin láti ara àwọn kòkòrò tí ń rìn lórí afárá, láti inú afẹ́fẹ́, àti ní pàtàkì jù lọ láti ọwọ́ ẹni tí ó gé afárá. Bí ẹ bá ń fi ọwọ́ fún afárá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe, tí ẹ sì fún ihò tí wọ́n kó lẹ́búlẹ́bú oúnjẹ ọmọ sí mọ́ ọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró tí kò bá omi adùn kankan wá ni ẹ ti tú sínú oyin yín. Oyin tí a fi ẹ̀rọ yí jáde láìfọ́ afárá kì í ní tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó sọ orúkọ oyin, a gbọ́dọ̀ yọ àwọn tí kò mú omi adùn wá kúrò nínú ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é fún ti yín. Ẹ yọ ọ̀pẹ 62 àti koríko 6, ó ku 32. Nínú 32 yìí, ìdílé yúnyun ní 16, ìyẹn ìdajì géérégé. Kajú ní 8, ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọn yòókù sì pín ìdá kan nínú mẹ́rin tó kù. Ẹ rí i pé èyí tí ó jẹ́ igbákejì lórí ìwé ti di olórí: ìdílé yúnyun ni oyin yín ti wá jù, bí ẹ bá sì gé e ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé Akíntọ́lá ni èmi yóò kọ́kọ́ fura sí nínú ìdílé náà.

Síbẹ̀, ìṣirò yìí náà kò tíì dé òpin òótọ́. Igi kan a máa ya ọ̀lẹ ní ti lẹ́búlẹ́bú, òmíràn a sì máa tú u dànù. Ọsàn jẹ́ ọ̀lẹ: omi adùn rẹ̀ pọ̀, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kò tó nǹkan, irú ọsàn tí ó ní ìdodo nísàlẹ̀ kò tilẹ̀ ní lẹ́búlẹ́bú rárá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Yúróòpù fi ń gba oyin gẹ́gẹ́ bí ti ọsàn nígbà tí lẹ́búlẹ́bú ọsàn inú rẹ̀ kò tíì tó 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Igi kan tún wà lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní chestnut, tí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kéré jọjọ tí ó sì pọ̀ bí eruku. Wọ́n máa ń béèrè nǹkan bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó gbà pé oyin rẹ̀ ni. Ara kòkòrò oyin fúnra rẹ̀ tún ń sẹ́ omi adùn lójú ọ̀nà: láàárín àpò oyin àti ikùn rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà kékeré kan wà tí ń gba lẹ́búlẹ́bú jáde kúrò nínú omi adùn, hóró ńlá sì máa ń tètè kó sí i lọ́wọ́ ju hóró kékeré lọ. Èyí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí hóró ẹ̀gẹ́ àti ti ilá, tí wọ́n tóbi gan-an láàárín àwọn hóró tí a mọ̀, ṣọ̀wọ́n nínú oyin kódà níbi tí oko ẹ̀gẹ́ yí àpótí ká.

Nǹkan kan tún kù tí ó kan ẹni tí ó mọ ọ̀pẹ bí tiyín. Ẹ ti rí i bí oyin ṣe ń rọ̀ gìrọ́gìrọ́ sí ibi tí wọ́n ń dá ẹmu. Oje ọ̀pẹ ni wọ́n ń mu níbẹ̀, oje náà kò sì ti inú òdòdó tó tanná jáde, nítorí náà kò ní lẹ́búlẹ́bú tí yóò fi jẹ́rìí ara rẹ̀. Bí díẹ̀ nínú oje yẹn bá wọ inú afárá, máíkírósíkóòpù kò lè sọ ọ́ fún wa.

Ẹ padà lọ bá àwọn tó ṣe àyẹ̀wò náà, kí ẹ fi sùúrù bi wọ́n bóyá wọ́n yọ àwọn aláìlómi-adùn kúrò kí wọ́n tó dárúkọ oyin. Kí ẹ sì sọ fún wọn pé ọwọ́ ni ẹ fi fún un. Ẹni tí ń ka lẹ́búlẹ́bú gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń fi aṣọ funfun sẹ́ oyin kí ó lè mọ́ gaara. Ṣé mo ń sẹ́ lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ dànù ni? — *Òǹkàwé, Ìbarà*

ÌDÁHÙN: Rárá. Hóró tí ó kéré jù kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, ọ̀pọ̀ jù lọ kò sì kọjá ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, nítorí náà wọ́n ń gba ojú aṣọ lásán kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìda, ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ kòkòrò ni aṣọ yín ń dá dúró, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tí ń gbé oyin gbígbóná gba inú asẹ́ tó há gan-an kọjá pẹ̀lú agbára ni wọ́n ń yọ lẹ́búlẹ́bú kúrò; ìlànà Codex tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣòwò oyin sì lòdì sí i, àyàfi níbi tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn láti yọ ìdọ̀tí. Oyin tí a yọ lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kúrò dà bí ọmọ tí a pa ilà ojú rẹ̀ rẹ́. Kò sí ẹni tí yóò lè sọ ilé rẹ̀ mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, ṣé lẹ́búlẹ́bú lè fi ẹni tí ó po ṣúgà mọ́ oyin hàn? Wọ́n ti tà á fún mi báyìí lẹ́ẹ̀mejì. — *Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Àsérò*

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ó dunni gan-an kí ènìyàn san owó oyin kí ó sì gbé ṣúgà délé fún àwọn ọmọ. Lẹ́búlẹ́bú lè mú wa fura, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè dá ẹjọ́ náà.

Ọ̀nà tí ó fi ń mú wa fura ni iye. Àwọn onímọ̀ máa ń fi hóró ewéko àjèjì kan, tí wọ́n ti mọ iye rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kún oyin kí wọ́n tó yí i. Bí wọ́n bá wá rí ìlọ́po mélòó tí lẹ́búlẹ́bú oyin fi ju ti àjèjì náà lọ, wọn yóò mọ iye hóró tí ó wà nínú gíráàmù 10. Oyin púpọ̀ máa ń ní láti 20,000 sí 100,000. Bí iye bá lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ omi ṣúgà ló là á, ó lè jẹ́ pé wọ́n ń fi ṣúgà bọ́ àwọn kòkòrò náà, ó sì lè jẹ́ oyin gidi láti ara igi tó ya ọ̀lẹ bí ọsàn. Ní ìdà kejì, oyin tí a fi ọwọ́ fún lè kún fún lẹ́búlẹ́bú tó bẹ́ẹ̀ tí a bá bu omi ṣúgà sí i, iye rẹ̀ yóò ṣì pé.

Àyẹ̀wò tí ó ń mú ṣúgà ìrèké gan-an ni ti kábọ́ònù. Ìrèké àti àgbàdo ń kó kábọ́ònù láti inú afẹ́fẹ́ lọ́nà tí ó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ jù lọ igi tí oyin ń bẹ̀ wò, ìyàtọ̀ náà sì máa ń wà nínú ṣúgà wọn títí. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ ju ìdá 7 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, àdàlù ni. Ṣúgà tí a fi ìrẹsì ṣe kì í tètè bọ́ sínú pańpẹ́ yìí, ìyẹn sì ń béèrè àyẹ̀wò mìíràn. Ní ti ìṣáná, ti èèrà, ti kíkán oyin sórí ìwé, tí àwọn ènìyàn fi ń dán oyin wò, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má gbọ́kàn lé ọ̀kankan nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe da oyin nù nítorí pé ó dì ní ìsàlẹ̀ ìgò. Oyin gidi máa ń dì.

Mo fẹ́ fi àpẹẹrẹ kan kún un kí ẹ lè rí i pé kì í ṣe lọ́dọ̀ wa nìkan ni lẹ́búlẹ́bú ti nílò olùrànlọ́wọ́. Oyin mānuka ti New Zealand gbówó lórí gan-an, ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú igi náà àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kānuka kò ṣeé yà sọ́tọ̀ lójú máíkírósíkóòpù. Láti ọdún 2018 ni ìjọba wọn ti ní kí a máa wá èròjà kẹ́míkà mẹ́rin àti àmì DNA igi náà nínú oyin kí a tó gbà kí ó jáde nílùú pẹ̀lú orúkọ yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí kó lẹ́búlẹ́bú àwọn ewéko agbègbè Alábàtà jọ fún àfiwé. Máíkírósíkóòpù àtijọ́ kan wà níkàáwọ́ mi. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ mà? — *Akẹ́kọ̀ọ́, Alábàtà*

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o ṣeun. Ìbéèrè rẹ ni mo ti ń dúró dè láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú ìwé yìí, nítorí pé Abẹ́òkúta jókòó sí ibi tí igbó kìjikìji àti ilẹ̀ ọ̀dàn ti pàdé, ewéko ìhà méjèèjì sì ń dàpọ̀ nínú oyin wa. Àkójọ tí a ṣe fún igbó Ìjẹ̀bú tàbí fún ilẹ̀ Ọ̀yọ́ lókè kò lè pé fún wa.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí o ti rí kí oyin bà lé. Tẹ̀ lé wọn ní òwúrọ̀, kọ orúkọ òdòdó tí wọ́n bà lé sílẹ̀, kí o sì kọ bóyá omi adùn ni wọ́n ń fà tàbí lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n ń dì sí ẹsẹ̀. Ìwọ náà ti rí nínú lẹ́tà ará Òsíẹ̀lẹ̀ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn lè dá sílẹ̀. Igi igbá nìkan ni kí o lọ wò ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé alẹ́ ni omi adùn rẹ̀ máa ń sun fún àwọn àdán, oyin sì máa ń fẹ́ gba tirẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Já òdòdó tí ó kù díẹ̀ kó ṣí, kí lẹ́búlẹ́bú ewéko mìíràn má baà ti bọ́ sínú rẹ̀, kí o sì fi í sínú àpò ìwé, má ṣe fi sínú ọ̀rá, nítorí pé yóò hu. Ẹ̀ka kan tó ní ewé àti òdòdó lára ni kí o tẹ̀ sáàárín ìwé ìròyìn kí ó gbẹ, kí o sì mú un lọ fún onímọ̀ ewéko ní yunifásítì tó wà ládùúgbò rẹ, kí ó lè fi orúkọ sáyẹ́ǹsì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Yorùbá tí o mọ̀ ọ́n sí. Má ṣe gbójú lé orúkọ Yorùbá nìkan, nítorí pé ohun tí wọ́n ń pè ní orúkọ kan ní Ọdẹ́dá lè jẹ́ ewéko ọ̀tọ̀ ní Ìmẹ̀kọ.

Nílé, gbọn lẹ́búlẹ́bú náà sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, kán ọtí líle díẹ̀ sí i láti fọ òróró ara rẹ̀ kúrò, jẹ́ kí ó gbẹ, kí o wá fi jẹ́lì gílísíríìnì tí a ti fi aró pupa díẹ̀ sí bò ó, kí o sì gbé gíláàsì tínínrín lé e. Kíútẹ́ẹ̀sì tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná dára fún dídí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ra fún ohun méjì. Àkọ́kọ́, lo abẹ́rẹ́ tuntun fún òdòdó kọ̀ọ̀kan tàbí kí o yí i nínú iná, nítorí pé hóró yúnyun kan tó bọ́ sórí gíláàsì máńgòrò lè tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ lẹ́yìn ọ̀la. Èkejì, gílísíríìnì máa ń mú kí hóró wú bí oṣù ti ń gorí oṣù, nítorí náà wọn ìwọ̀n rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ tí o ṣe é, kí o má sì fi ìwọ̀n yẹn wé ti ẹni tó lo ohun mìíràn.

Ogójì ewéko ti tó fún ọdún kìíní bí o bá ṣe wọ́n dáadáa. Ewé Akíntọ́lá ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, kí kajú, máńgòrò àti igbá tẹ̀ lé e bí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń le, kí ọsàn wá wọlé nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, kí tíìkì kẹ́yìn nínú òjò gidi. Sára gíláàsì kọ̀ọ̀kan ni kí o kọ orúkọ, ibi tí o ti já a àti ọjọ́ rẹ̀, pẹ́ńsùlù ni kí o sì fi kọ ọ́ sórí ìwé kékeré tí o lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí pé ọtí líle máa ń ṣí yíǹkì bíírò kúrò.